Popeyes àbí Chick-fil-A: sáńwíìṣì adìẹ wo ló yẹ kí ẹ tò fún?

Ọjọ́ 12 oṣù kẹjọ ọdún 2019 ni Popeyes, ilé oúnjẹ adìẹ dídín kan ní Amẹ́ríkà, gbé sáńwíìṣì adìẹ rẹ̀ jáde káàkiri orílẹ̀-èdè náà, ní $3.99. Kó tó pé ọ̀sẹ̀ mẹ́ta, ó ti tán nílẹ̀. Ọjà tí ilé iṣẹ́ náà ṣírò pé yóò gbé àwọn dé ìparí oṣù kẹsàn-án ni àwọn oníbàárà kó tán nínú oṣù kẹjọ. Àsọ̀ tí òun àti Chick-fil-A, ilé oúnjẹ adìẹ mìíràn tí wọ́n jọ ń figagbága, jọ ń sọ síra wọn lórí Twitter ló ti ọ̀rọ̀ náà dé etí gbogbo ayé, nítorí Chick-fil-A ti ń ta irú sáńwíìṣì yìí láti ọdún 1964. Ọjọ́ 3 oṣù kọkànlá ni ti Popeyes padà sórí àtẹ. Ọjọ́ Àìkú ni wọ́n mú, ọjọ́ tí Chick-fil-A máa ń ti ilẹ̀kùn.

Ariwo yẹn ti rọlẹ̀ tipẹ́, ṣùgbọ́n sáńwíìṣì méjèèjì ṣì wà, ojoojúmọ́ sì ni àwọn èèyàn ń tọ́ wọn wò fún ìgbà àkọ́kọ́. Nínú àwọn tó máa ń sọ pé òkìkí lásán ni ti Popeyes, ọ̀pọ̀ ló gbé e há inú àpò fún ìdajì wákàtí kí wọ́n tó gé e jẹ. Ìdí nìyẹn tí ìbéèrè tó yẹ kó ṣáájú fi jẹ́: níbo ni ẹ ti fẹ́ jẹ ẹ́? Bó bá jẹ́ inú ilé oúnjẹ náà, tàbí inú ọkọ̀ níwájú ilé oúnjẹ, ẹ ra ti Popeyes. Bó bá jẹ́ pé ẹ ó gbé e délé tàbí ibi iṣẹ́, tí ìrìn náà sì ju ìṣẹ́jú 15 lọ, ti Chick-fil-A ni kí ẹ rà.

Èèpo ló fa ìyàtọ̀

Ẹ mú ti Popeyes lọ́wọ́, kí ẹ tú bébà tí wọ́n fi dì í. Èèpo gbágungbàgun ni ojú yín máa kọ́kọ́ rí, tó yọ síta ju etí burẹ́dì lọ. Àyà adìẹ tí kò léegun ni wọ́n fi ṣe é. Wọ́n á rẹ ẹ́ sínú èròjà fún wákàtí 12, wọ́n á wá fi ọwọ́ yí i nínú omi wàrà kíkan àti ìyẹ̀fun kó tó wọ inú òróró gbígbóná. Níbi tí ìyẹ̀fun ti lẹ̀ jọ ní kókó-kókó lára ẹran, kókó kọ̀ọ̀kan máa ń gan nínú òróró, omi inú rẹ̀ á hó jáde, á sì fi ihò wínníwínní sílẹ̀. Ihò wọ̀nyí ló ń jẹ́ kó rún wómúwómú lẹ́nu. Àwọn náà ló sì ń ṣekú pa á, torí pé bí wọ́n bá ti di sáńwíìṣì náà mọ́ inú bébà, ooru tó ń rú jáde lára ẹran kò ríbi gbà, inú ihò yẹn ló ń padà sí. Láàárín ìṣẹ́jú mẹ́wàá, èèpo tó ń ró kàùkàù á bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ láti ìsàlẹ̀. Tó bá fi máa di ìṣẹ́jú 20, ó lè bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí kúrò lára ẹran.

Ti Chick-fil-A yàtọ̀ láti ibi ìdáná. Wọ́n á ri ẹran sínú wàrà àti ẹyin, wọ́n á yí i nínú ìyẹ̀fun tí wọ́n ti po èròjà mọ́, wọ́n á wá dín in nínú òróró ẹ̀pà, nínú ìkòkò tí ìdérí rẹ̀ dé pinpin tí ooru fi há sínú. Irú ìkòkò bẹ́ẹ̀ ló jẹ́ kó ṣeé ṣe fún S. Truett Cathy, ẹni tó dá ilé oúnjẹ náà sílẹ̀, láti dín àyà adìẹ kíákíá bí ẹni ń yan hamburger. Ooru tó há sínú ìkòkò kì í jẹ́ kí omi ẹran sá lọ. Kì í sì í jẹ́ kí èèpo gan. Nítorí náà, èèpo Chick-fil-A fẹ́lẹ́, ó lẹ̀ mọ́ ẹran dáadáa, ó sì ti rọ̀ díẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀. Kò ní ohun púpọ̀ tó máa pàdánù nínú àpò. Lẹ́yìn ìṣẹ́jú 20, ó ṣì jọ ara rẹ̀.

Nítorí náà, bí ẹ bá gbọ́ tí ẹnì kan ń sọ pé ti Popeyes kò dára tó ti Chick-fil-A, ẹ kọ́kọ́ bi í léèrè ibi tó ti jẹ ẹ́.

Ní ẹ̀gbẹ́ ara wọn

| | Popeyes | Chick-fil-A |
|---|---|---|
| Burẹ́dì | brioche yíyan, ó dùn díẹ̀ | burẹ́dì funfun rírọ̀, wọ́n yan án, wọ́n fi bọ́tà pa á |
| Ọbẹ̀ tó wà nínú rẹ̀ | mayonnaise, tàbí ọbẹ̀ Cajun aláta | kò sí. Ẹ ó béèrè èyí tí ẹ bá fẹ́ |
| Ibi tí ata wà | inú ọbẹ̀ | inú èròjà àti èèpo ẹran |
| Ìdín | òróró, èèpo nípọn | òróró ẹ̀pà nínú ìkòkò dídé, èèpo fẹ́lẹ́ |
| Kálórì | bíi 700 | díẹ̀ lé ní 400 |
| Ọjọ́ Àìkú | wọ́n ń tà | wọ́n ti ilẹ̀kùn |

Owó $3.99 ti ọdún 2019 kò sí mọ́. Iye tí wọ́n ń ta méjèèjì yàtọ̀ láti ìlú dé ìlú, kódà láti ẹ̀ka kan sí òmíràn ní ìlú kan náà, torí pé ọ̀tọ̀ ni àwọn tó ń darí ẹ̀ka kọ̀ọ̀kan. Ẹ ṣí áàpù wọn, kí ẹ yan ẹ̀ka tó sún mọ́ yín, ẹ ó rí iye gan-an kí ẹ tó jáde nílé.

Ẹran, burẹ́dì, àti kùkúḿbà kíkan

Ẹran Popeyes tóbi jù, àmọ́ kò dọ́gba. Ẹ̀gbẹ́ kan lè ki, kó sì lómi, kí ìrù rẹ̀ tó fẹ́lẹ́ ti gbẹ. Bí ẹ bá bẹ̀rẹ̀ láti ìrù, ẹ ó rò pé gbogbo rẹ̀ ló gbẹ bẹ́ẹ̀. Ẹ yí i, kí ẹ bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó ki jù. Ti Chick-fil-A kéré, ṣùgbọ́n ó dọ́gba yíká, adùn iyọ̀ àti ìwọ̀nba ṣúgà sì ti wọ inú ẹran lọ, kò dúró sára èèpo nìkan. Ẹni tó bá fẹ́ràn adìẹ fúnra rẹ̀ ju dídín lọ, Chick-fil-A ni tirẹ̀. A ò ní fi èyí pa mọ́.

Brioche Popeyes lágbára tó láti gbé ẹran ńlá àti ọbẹ̀ láìya, bọ́tà àti ìdùn inú rẹ̀ sì ń bá iyọ̀ èèpo mu. Burẹ́dì Chick-fil-A rọ̀ débi pé ooru inú bébà máa ń fún un pẹlẹbẹ. Kì í bà á jẹ́, ṣùgbọ́n ẹ má retí kó dìde sókè bíi ti inú àwòrán.

Kùkúḿbà kíkan, ìyẹn èyí tí wọ́n ti rẹ sínú omi iyọ̀ àti ọtí kíkan, ṣe pàtàkì ju bí ọ̀pọ̀ ṣe rò lọ. Nínú Chick-fil-A, òun nìkan ló ń gé ọ̀rá, torí kò sí ọbẹ̀. Ègé méjì ni wọ́n sábà máa ń fi sí i, wọ́n sì lè kó méjèèjì sójú kan, tí ẹ ó fi gé sáńwíìṣì náà lẹ́ẹ̀mẹ́rin láìkan kíkan rárá. Ẹ ṣí burẹ́dì náà kí ẹ tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ tò wọ́n sí apá ọ̀tún àti apá òsì. Ẹ tún lè ní kí wọ́n fi kún un nígbà tí ẹ bá ń rà á. Ti Popeyes nípọn jù, ó sì kan jù, ṣùgbọ́n bí ó bá pọ̀ jù lábẹ́ ẹran, omi rẹ̀ á rin burẹ́dì ìsàlẹ̀.

Mayonnaise Popeyes ni ibi tí iṣẹ́ ọwọ́ ti ń ṣìnà jù. Nígbà míì wọ́n á fi pa burẹ́dì tínínrín, nígbà míì á máa kán bọ́ sọ́wọ́. Ẹ ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́, kí ẹ fúnra yín fi pa burẹ́dì òkè nìkan. Bẹ́ẹ̀ ni èèpo ìsàlẹ̀ ṣe máa gbẹ títí dé òkèlè ìkẹyìn. Ní Chick-fil-A, ẹ béèrè ọbẹ̀ inú páálí kékeré, ẹ má sì dà á sórí ẹran: ẹ máa fi etí sáńwíìṣì kàn án bí ẹ ṣe ń jẹ.

Ata: ibi tí ọ̀pọ̀ ti ń ṣì í mú

Ní Popeyes, ohun tó ya "Classic" (aláìláta) sọ́tọ̀ sí "Spicy" (aláta) ni ọbẹ̀. Ẹran kan náà ni wọ́n dín. Wọ́n mú mayonnaise kúrò, wọ́n fi ọbẹ̀ Cajun sí i. Ìtumọ̀ rẹ̀ ni pé bí ọbẹ̀ bá kéré, ata kéré nìyẹn. Ẹni tó bá ra Spicy tó sì ní kí wọ́n má fi ọbẹ̀ sí i ti ra Classic láìmọ̀. Bí ẹ kò bá mọ èyí tí ẹ fẹ́, ẹ ra Classic kí ẹ ní kí wọ́n bu ọbẹ̀ aláta sí ẹ̀gbẹ́. Ẹ ti ní méjèèjì lọ́wọ́.

Ní Chick-fil-A, ọ̀tọ̀ ni ẹran aláta. Inú èròjà àti èèpo ni ata wà, kò sí bí ẹ ṣe lè nù ún kúrò. Ó máa ń ta lẹ́yìn òkèlè kejì tàbí ìkẹta, kì í ta lójú ẹsẹ̀. Ẹ má fi òkèlè àkọ́kọ́ dá a lẹ́jọ́, pàápàá bí ẹ bá fẹ́ fún ọmọdé jẹ.

Ẹni tó fẹ́ ata gan-an yẹ kó mọ̀ pé kò sí ìkankan nínú méjèèjì tó máa jẹ́ kó làágùn. Wendy's, ilé oúnjẹ Amẹ́ríkà mìíràn, ti ń ta sáńwíìṣì adìẹ aláta tirẹ̀ láti àwọn ọdún 1990, ata inú èèpo rẹ̀ sì hàn ju ti Popeyes lọ.

Ìgbà tí ẹ ó lọ, àti ohun tí ẹ ó sọ

Ọ̀sán gangan ni ìlà máa ń gùn jù. Ìgbà yẹn náà sì ni ẹran máa ń jáde látinú òróró tààrà, torí kò ráyè dúró sí ibi tí wọ́n ń kó o sí kó má tutù. Ohun tó ń bàjẹ́ nígbà yẹn ni ìtò: ìkánjú òṣìṣẹ́ ló ń mú kí ọbẹ̀ wà lójú kan, kí kùkúḿbà wà lójú kan. Láàárín aago méjì sí mẹ́rin ọ̀sán, ìlà kúrú, àmọ́ ẹran lè ti dín tipẹ́. Èyí tí a fara mọ́ jù ni bíi aago 11:15 sí 11:45 àárọ̀. Chick-fil-A sábà máa ń parí oúnjẹ òwúrọ̀ ní 10:30, tó fi jẹ́ pé ní àkókò yẹn, ẹran ọ̀sán ṣẹ̀ṣẹ̀ ń jáde ni, èrò kò sì tíì kún.

Bí ẹ bá lọ nígbà tí ọjà dákẹ́, ẹ bi wọ́n ní Popeyes bóyá wọ́n lè dín òmíràn, pé ẹ ó dúró. Ìṣẹ́jú díẹ̀ ni. Inú ọ̀pọ̀ ẹ̀ka kò dùn sí ìbéèrè yẹn lójú fèrèsé tí ọkọ̀ ń gbà kọjá, nítorí ọkọ̀ tó wà lẹ́yìn yín. Ẹ páàkì, kí ẹ wọlé, kí ẹ sọ ọ́ pẹ̀lẹ́ níbi ìsanwó. Bẹ́ẹ̀ náà ni ìlà ọkọ̀ gígùn kì í fi gbogbo ìgbà túmọ̀ sí pé inú ilé kún. Ẹ wo inú gíláàsì kí ẹ tó tò.

Bí wọ́n bá ti fún yín, ẹ ṣí ẹnu àpò, kí ẹ tú bébà díẹ̀ lókè. Bí ó tilẹ̀ jẹ́ ìṣẹ́jú márùn-ún péré ni ọ̀nà yín, ẹ má ṣe dì í padà. Kó tutù díẹ̀ sàn ju kó rin.

Bí ẹ bá fẹ́ tọ́ méjèèjì wò lọ́jọ́ kan

Ẹ yan ẹ̀ka méjì tí wọn kò jìnnà síra, kó má ṣe jẹ́ ọjọ́ Àìkú. Chick-fil-A ni kí ẹ kọ́kọ́ rà, torí òun ló lè dúró. Popeyes ló gbẹ̀yìn, níwájú rẹ̀ ni ẹ ó sì ti jẹ méjèèjì. Ẹni tó bá yí i padà ti fìyà jẹ Popeyes kó tó bẹ̀rẹ̀. Aláìláta ni kí ẹ rà ní ọwọ́ méjèèjì, pẹ̀lú ọbẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́.

Ẹ lo ọ̀bẹ eléyín láti gé ọ̀kọ̀ọ̀kan sí méjì. Ọ̀bẹ tó kú máa tẹ èèpo wọlé, á sì já burẹ́dì. Ẹ wo ojú ibi tí ẹ gé: ó yẹ kí ẹran funfun, kó lómi, kí èèpo sì lẹ̀ mọ́ ọn yíká. Bí ẹ bá rí àyè láàárín èèpo àti ẹran, ó ti pẹ́ tí wọ́n ti dín in, tàbí omi ti pọ̀ lára ẹran kí wọ́n tó yí i nínú ìyẹ̀fun. Ẹ já èèpo díẹ̀ jẹ ní òun nìkan. Ẹ jẹ ẹran láìní burẹ́dì. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ wá gé gbogbo rẹ̀ pọ̀, ẹ sì mu omi láàárín méjèèjì, kì í ṣe ọtí ẹlẹ́rìndòdò, torí ṣúgà inú rẹ̀ á jẹ́ kí ìyókù kan tàbí kó ní iyọ̀ jù.

Ìdajì tó kù, ẹ dì í padà sínú bébà rẹ̀, kí ẹ wo aago. Ẹ tún un tọ́ wò lẹ́yìn ìṣẹ́jú 15. Ìdajì yìí ló máa sọ fún yín èyí tó yẹ kí ẹ máa rà lọ sílé, kò sì sí ẹni tó lè bá yín jiyàn mọ́.

Bí ó bá bàjẹ́

Bí èèpo bá dúdú tó sì korò, òróró ti gbó. Bí ó bá ń mu ọ̀rá tí bébà sì rin gbindin, òróró kò gbóná tó nígbà tí ẹran wọlé. Ẹ dá irú méjèèjì padà, wọ́n sábà máa ń fún èèyàn ní òmíràn. Bí àárín ẹran bá pupa tó sì ń yọ̀, ẹ má jẹ ẹ́ rárá: 165°F, ìyẹn 74°C, ni ìjọba Amẹ́ríkà sọ pé inú adìẹ gbọ́dọ̀ gbóná dé.

Ọ̀rọ̀ iyọ̀ kò ṣeé fojú fò. Sáńwíìṣì kan ní ọwọ́ méjèèjì ní ju 1,300 miligíráàmù sodium lọ, nígbà tí 2,300 jẹ́ òdiwọ̀n ọjọ́ kan fún àgbàlagbà ní Amẹ́ríkà. Ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru tó bá tún fi ànàmọ́ dídín tì í ti fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ iyọ̀ ọjọ́ kan tán lọ́sàn-án. Chick-fil-A kéré ní kálórì, ṣùgbọ́n kò fi iyọ̀ ṣàánú ẹnikẹ́ni. Méjèèjì ní àlìkámà, wàrà àti ẹyin. Ní ti òróró ẹ̀pà, àjọ FDA, tó ń bójú tó oúnjẹ àti oògùn ní Amẹ́ríkà, kò ka èyí tí wọ́n ti fọ̀ mọ́ tónítóní sí ohun tó ń fa àìbáramu, irú èyí sì ni Chick-fil-A ń lò. Síbẹ̀, kí ẹni tí ẹ̀pà ń bá jà gan-an bi dókítà rẹ̀ kó tó fẹnu kàn án.

Àwọn yòókù, ní kúkúrú

McDonald's gbé tirẹ̀ jáde ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 2021, lórí burẹ́dì tí wọ́n fi ànàmọ́ ṣe. McCrispy ni wọ́n ń pè é báyìí. Chick-fil-A ló fara wé, kò sì débẹ̀, ṣùgbọ́n ó wà níbi gbogbo, ó sì wà lọ́jọ́ Àìkú. Ti KFC, tó jáde ní ọdún 2021 kan náà, sún mọ́ Popeyes: brioche, kùkúḿbà nínípọn, èèpo gbígan. Bí ìlà Popeyes bá yí ilé po tí KFC sì wà lódìkejì ọ̀nà, ẹ sọdá. Shake Shack wọ́n, àmọ́ mayonnaise eléwé àti wàrà kíkan inú rẹ̀ dára púpọ̀. Ẹni tó bá fẹ́ tòmátì àti ewé létúùsì nínú tirẹ̀, Wendy's ni kó lọ.

Bí ó bá ṣẹ́kù

Ẹ gbé e sínú fíríìjì kó tó pé wákàtí méjì, kí ẹ sì jẹ ẹ́ tán láàárín ọjọ́ mẹ́ta sí mẹ́rin. Ẹ tú u palẹ̀ kí ẹ tó kó o wọlé: ẹran lọ́tọ̀, burẹ́dì lọ́tọ̀, kí ẹ kó kùkúḿbà kúrò. Nígbà tí ẹ bá fẹ́ jẹ ẹ́, ẹ tan ofúnù sí 375°F, ìyẹn 190°C, kí ẹ gbé ẹran lé orí àwọ̀n irin kí afẹ́fẹ́ lè máa gba abẹ́ rẹ̀ kọjá, fún ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá. Burẹ́dì á wọlé ní ìṣẹ́jú méjì tó kẹ́yìn. Máíkíróweefù á gbóná ẹran lóòótọ́, àmọ́ á sọ èèpo Popeyes di awọ rírọ̀ tí ẹ ó máa fà lẹ́nu. Ti Chick-fil-A lè fara dà á fún ìṣẹ́jú àáyá 40, bí ebi bá ń pa yín tí ẹ kò lè dúró de ofúnù.